Ìjàpá àti Àkísà Abiyamọ Ajá

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé ohùn yín nìyẹn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán tán! Ààlọ́ o!

Ààlọ̀ o!

Ẹ̀hẹn. Àlọ́ mi dìde nílẹ̀, ó na ara, ó gbọn etí, ó gba ọ̀nà oko lọ. Kò yà sílé ọba, kò yà sílé ìjòyè. Ó lọ bá àkísà kan. Àkísà ni mo wí, Àrẹ̀mú, má fi mí rẹ́rìn-ín. Àkísà ló ni àlọ́ ìrọ̀lẹ́ yìí. Ìjàpá náà wà nínú rẹ̀, nítorí n kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ burúkú máa ń wà tí ẹni yẹn kì í sí níbẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ọdẹ́dìran. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀, ọdẹ ni òun náà. Bàbá rẹ̀, Ògúnṣínà, ní ajá kan nígbà ayé rẹ̀, ó sì so ṣaworo idẹ mọ́ ajá náà lọ́rùn. Bí Ògúnṣínà bá ń ti igbó ọdẹ bọ̀ nírọ̀lẹ́, kí ojú tó rí i, etí á ti gbọ́ ọ. Ṣaworo á máa dún bọ̀ láti ìdí igi obì: wọ̀rọ̀, wọ̀rọ̀, wọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, ìyá Ọdẹ́dìran, á ti gbọ́ nínú ilé. Ìgbà náà ni yóò dáná. Kì í dá a ṣáájú, kì í dá a lẹ́yìn. Ṣaworo ló ń pàṣẹ iná nílé wọn. Kí ọkọ tó sọ àpò kalẹ̀, kó kí ará ilé, kó jókòó, omi ìwẹ̀ á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ikú wá mú Ògúnṣínà lọ. Ajá rẹ̀ kò jẹ, kò mu. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, òun náà tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n tú ṣaworo lọ́rùn rẹ̀, wọ́n fi kọ́ ara ògiri.

Àwẹ̀ró kò dáná ìrọ̀lẹ́ mọ́. Mo ní kò dáná ìrọ̀lẹ́ mọ́! Ọ̀sán gangan ni yóò se oúnjẹ, alẹ́ ni yóò jẹ ẹ́ ní tútù, tàbí kó má jẹ ẹ́. Bí oòrùn bá ti ń lọ sílẹ̀, yóò gbé àpótí rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, yóò kọjú sí igi obì, yóò máa kọrin. Ẹ bá a gbè é, ẹ má jẹ́ kó dá nìkan kọ ọ́:

Oòrùn ń wọ̀, ọkọ mi,
*Ṣaworo, dún wálé.*
Omi ti wà nínú ìkòkò,
*Ṣaworo, dún wálé.*
Igi ti wà lẹ́nu ààrò,
*Ṣaworo, dún wálé.*
Etí mi wà lójú ọ̀nà,
*Ṣaworo, dún wálé.*

Ṣaworo kò dún. Ara ògiri ló wà, ta ni yóò mì í? Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí rù. Egungun èjìká rẹ̀ yọ. Ìró tó ń ró ní ìró kan, ó di ohun tó ń yí mọ́ ìdí lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdẹ́dìran wò ó títí, ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ dákun, ẹ dáná. Òtútù á mú yín."

Ó ní, "Ta ni kí n dá a fún?"

"Ẹ dá a fún èmi."

"Ìwọ? Ìwọ tó ń wọlé bí olè? N kì í gbọ́ ẹ, Ọdẹ́dìran. Mo kàn máa ń rí ẹ láàárín ilé ni. Kò sí ìgbà tí mo ń retí ẹ, kò sí ìgbà tí o dé."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ọdẹ́dìran wọra. Òun náà mọ̀ pé òótọ́ ni. Nínú igbó, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Ó ní, "Ìyá mi, n ó wá ọmọ ajá kan, n ó tọ́ ọ. Kí ọyẹ́ ọdún yìí tó lọ, ẹ ó gbọ́ ṣaworo láti ìdí igi obì."

"Má tàn mí o."

"N ò tàn yín, Ìyá mi."

Ó ti ṣèlérí. Ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń yan ọmọ ajá! Bàbá rẹ̀ kọ́ ọ ní ìbọn, ó kọ́ ọ ní ipa ẹsẹ̀ ẹran, ó kọ́ ọ ní ewé. Ó ní yíyan ajá di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ kò bá a láyé.

Ó ku Ìjàpá. Ọdẹ́dìran ní ahéré kan lóko, ó ní pẹpẹ tó ti ń yan ẹran nínú rẹ̀. Bó bá gbé itan mẹ́rin sórí iná, mẹ́ta ni yóò bá. Bó bá gbé mẹ́ta, méjì ni yóò bá. Ó rò pé ẹtà ni. Ẹtà kọ́ o! Ta ni?

*Ìjàpá!*

Ẹ ti mọ̀ ọ́n jù. Ìjàpá gbọ́ pé Ọdẹ́dìran fẹ́ ní ajá, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó ní, "Ajá kẹ̀? Ajá tó ní imú? Imú tiwọn kì í ṣe fún fífun ikun lásán. Ọjọ́ tí ajá gidi bá wọ igbó yìí, àṣírí mi tú." Ó ronú lọ, ó ronú bọ̀. Ó wọ agbádá, ó de fìlà, ó fi omi pa ojú bí ẹni tó ń sunkún, ó gba ilé Ọdẹ́dìran lọ.

"Áà! Ọmọ ọ̀rẹ́ mi! Bí mo bá rí ẹ, bí ẹni pé Ògúnṣínà ni mo rí. Ṣé o mọ̀ pé èmi ni mo máa ń bá bàbá rẹ yan ajá?"

Ọdẹ́dìran dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá Ìjàpá, n ò mọ̀ ọ́n. Ẹ wá bá mi yan tèmi."

Ẹ ò rí i? Ẹni tí orí ń fọ́ ló ń fi orí lé ẹni tó sọ̀kò lù ú lọ́wọ́.

Àwọn méjèèjì kọjá odò, wọ́n dé ahéré Bàbá Lápitẹ́, àgbà ọdẹ tí abiyamọ ajá kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà náà, wọn kì í ra ajá ọdẹ. Iṣu ni wọ́n fi ń tọrọ rẹ̀, wọn á sì ṣèlérí pé bó bá dàgbà, àwọn á mú un padà wá kí ìyá rẹ̀. Àṣà mìíràn tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ni abiyamọ kì í bá àlejò yan ọmọ. Kò gbọdọ̀ nawọ́, kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú. Bó bá bá a yan án, tí ajá bá ya ọ̀lẹ, ìjà ọmọ ọdẹ dé nìyẹn. Nítorí náà, Bàbá Lápitẹ́ ki orín bọ ẹnu, ó jókòó, ó ń wo òkè.

Ọmọ ajá mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan pupa, ó ti bu Ọdẹ́dìran jẹ lẹ́sẹ̀ kó tó kí ilé tán. Ọ̀kan ní àmì funfun níwájú orí. Ó ń gbẹ́ ilẹ̀, ìrù rẹ̀ nìkan là ń rí lókè. Ọ̀kan dúdú, ó wá bá Ọdẹ́dìran fúnra rẹ̀, ó gbóòórùn àpò ọdẹ, ó fi eyín di í mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ọ̀kan tó kù rí bí eérú. Ó kéré, ó ki imú bọ abẹ́ ìyá rẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ pé àlejò dé.

Ọkàn Ọdẹ́dìran fà sí dúdú yẹn. Ó ti na ọwọ́. Ìjàpá húkọ́.

"Ọmọ ọ̀rẹ́ mi, kí lo fẹ́ ṣe?"

"Èyí wù mí, Bàbá Ìjàpá."

"Ó wù ẹ́! Ṣé aṣọ ni? Èyí tó ń fa àpò yẹn, ẹran inú àpò ni yóò máa jí jẹ. Èyí tó bù ẹ́ jẹ lónìí, lọ́la ìyá rẹ ló kàn. Èyí tó ń gbẹ́lẹ̀, ilé ni yóò gbẹ́ wó. Wo èyí tó dákẹ́. Ó ń tọ́jú agbára rẹ̀. Irú rẹ̀ ni bàbá rẹ máa ń mú."

Bàbá rẹ! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló mú un. Ẹni tí àárò bàbá rẹ̀ ń sọ, orúkọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi ń mú un. Ó gbé ọmọ ajá eléérú. Bàbá Lápitẹ́ rún orín títí orín fi dá lẹ́nu rẹ̀. Ẹ wo bí ó ṣe ń dun bàbá yìí tó, kò sì lè sọ̀rọ̀.

Abiyamọ ajá ló sọ̀rọ̀. Ẹ rántí pé nígbà náà, ènìyàn àti ẹranko ń gbọ́ ara wọn. Ó ní, "Ọdẹ, ṣé èyí lo mú?"

"Òun ni mo mú."

"Àbíkẹ́yìn mi ni. Ọkàn rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́mú mi." Ó fi ẹnu fa àkísà kan jáde lábẹ́ ara rẹ̀. "Orí èyí ni mo bí wọn sí. Wàrà mi wà lára rẹ̀, òógùn mi wà lára rẹ̀. Tẹ́ ẹ fún un títí eyín rẹ̀ á fi pààrọ̀. Bó bá ń gbóòórùn mi, yóò sùn. Bó bá sùn, yóò dàgbà. Bó bá dàgbà, jọ̀wọ́, mú un wá kí n rí i."

Ọdẹ́dìran ní, "N ó mú un wá."

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí wọ́n mú mi wá sílé yìí ní ìyàwó, ìró ìyá mi kan wà nísàlẹ̀ ẹrù mi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ró o. Ẹ jẹ́ ká máa bá àlọ́ wa lọ.

Ìbọn wà léjìká Ọdẹ́dìran, ọmọ ajá wà láyà rẹ̀. Ìjàpá ní, "Gbé àkísà fún mi, ọwọ́ rẹ ti kún." Wọ́n dé orí igi tí wọ́n fi ṣe afárá sórí odò. Ọdẹ́dìran ṣáájú, Ìjàpá tẹ̀ lé e. Láàárín afárá, Ìjàpá ké, "Yéè! Odò ti gbé e lọ! Odò ti gbé àkísà lọ!"

Irọ́ ni! Ó ti ká a pélébé, ó ti fi há abẹ́ ikarahun.

Bó bá jẹ́ pé ó sọ ọ́ sódò lóòótọ́ ni, àlọ́ mi ì bá parí síbí, ẹ̀yin ì bá sì ti lọ sùn. Ṣùgbọ́n ojúkòkòrò Ìjàpá! Ó fọwọ́ kan àkísà náà, ó rọ̀. Ihò tó ń gbé lábẹ́ igi àràbà tutù, ilẹ̀ lásán ló ń sùn sí. Ó ní, "Ohun tó dára báyìí, kí odò gbé e?" Ó tẹ́ ẹ sínú ihò rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lé e, ó gbé itan ẹran tó jí sí ìgbèrí, ó rẹ́rìn-ín.

Ọmọ ajá dé ilé, kò rí ohun tó lè fi imú kàn. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, yóò bọ́ síta, yóò kọjú sí igi obì, yóò gbé imú sókè. Ẹ gbè é:

Mo gbóòórùn ewúrẹ́, kì í ṣe ìyá mi,
*Ṣaworo, dún wálé.*
Mo gbóòórùn ààrò, kì í ṣe ìyá mi,
*Ṣaworo, dún wálé.*
Atẹ́gùn tó ń bọ̀, ṣé o rí ìyá mi?
*Ṣaworo, dún wálé.*
Imú mi wà lójú ọ̀nà,
*Ṣaworo, dún wálé.*

Ọdẹ́dìran so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn, ṣaworo wọ́lẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó ṣubú lé e. Àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn. Ìjàpá yọjú. "Ọmọ ọ̀rẹ́ mi, ẹkún yìí á lé gbogbo ẹran igbó lọ. Bóyá kí o kúkú dá a padà. Kò pọn dandan kí gbogbo ọdẹ ní ajá."

Ní ọjọ́ kẹta, ó sú Ọdẹ́dìran. Ó gbé ọmọ ajá, ó fẹ́ gba ọ̀nà odò. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà lórí àpótí.

"Níbo lò ń gbé e lọ?"

"Mò ń dá a padà. Kò wúlò. Ẹkún rẹ̀ kò jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi."

"Ìgbà wo lo gbọ́ pé mò ń sinmi? Gbé e sílẹ̀."

Ó gbé e sílẹ̀. Ọmọ ajá kò sá. Ó rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí Àwẹ̀ró, ó jókòó, ó kọjú sí ibi tí Àwẹ̀ró kọjú sí. Obìnrin náà wo ajá, ó wo igi obì, ó tún wo ajá. Ó gbé e lé itan. Ó ní, "Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ ń retí. Má mú un lọ síbì kan." Ó sọ ọ́ ní Dúródèmí. Ó ń rún iṣu sí i lẹ́nu, ó ń bá a sọ̀rọ̀ tí ènìyàn kò gbọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná ìrọ̀lẹ́? Rárá o. Kò dá a.

Òjò dé, odò kún, afárá lọ. Ní ọjọ́ kan, Bàbá Lápitẹ́ dúró ní ìhà kejì odò, ó ké pe Ọdẹ́dìran: "Ọdẹ́dìran o! Paramọ́lẹ̀ ti ṣá abiyamọ! Kò yè é o!" Ọdẹ́dìran padà sílé. Ó bá Dúródèmí lẹ́nu ọ̀nà, imú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ó pa á dé. Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ ó lè sọ ọ́?

Dúródèmí ń ga. Eyín rẹ̀ pààrọ̀, ṣaworo ò wọ́lẹ̀ mọ́. Ọdẹ́dìran fi okùn fa awọ ọ̀yà káàkiri àgbàlá, ó fi pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò, ó ní, "Dúródèmí, wá a." Dúródèmí lọ tààrà síbẹ̀, ó fi imú kàn án, ó yí padà, ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wọ igbó. Ó bá ọ̀yà nínú koríko, ó kọjá. Ọ̀yà gan-an la ẹnu sílẹ̀. Ó bá òkété lẹ́nu ihò. Òkété ní, "Ẹ kú ìrìn o." Ó ní, "Ẹ kú ilé." Ó kọjá! Kí oòrùn tó wọ̀, á ti dá nìkan sá padà sẹ́nu ọ̀nà, ọ̀gá rẹ̀ á máa bọ̀ lẹ́yìn láìsí ṣaworo. Àwọn ọdẹ yòókù dá orúkọ mìíràn fún un, n kò ní sọ ọ́ níwájú ọmọdé. Ìjàpá gbọ́, ó fi àyà balẹ̀, ó lọ jí itan méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ má rò pé imú ajá yìí kú o. Ó ń gbóòórùn gbogbo wọn. Ó mọ ọ̀yà tó lóyún, ó mọ etu tó kọjá ní àná, ó mọ ehoro tí ẹ̀rù ń bà. Gbogbo atẹ́gùn tó ń fẹ́ láyé ló ti yẹ̀ wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, tìrọ̀lẹ́-tìrọ̀lẹ́. Kì í ṣe ìyá mi, ó kọjá. Kì í ṣe ìyá mi, ó kọjá. Kò sí ọdẹ tó lè kọ́ ajá ní irú ẹ̀kọ́ yẹn. Àárò ló kọ́ ọ.

Ọyẹ́ wá dé. Ètè ń bẹ́, eruku funfun bo ewé. Atẹ́gùn òjò ti ń ti ìhà odò wá láti ìgbà yìí. Atẹ́gùn ọyẹ́ ti ìhà igi àràbà wá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ọdẹ́dìran jókòó sẹ́nu ahéré, ó ń ka ọjọ́. Ọyẹ́ ti fẹ́ lọ, ìlérí tó ṣe fún ìyá rẹ̀ ti fẹ́ di irọ́. Atẹ́gùn fẹ́ yẹ́ẹ́. Dúródèmí gbé orí sókè. Gbogbo irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó sì tú eré dà sí i!

"Dúródèmí! Dúró!"

Dúró kẹ̀! Ṣaworo ń dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ nínú igbó, Ọdẹ́dìran ń sáré tẹ̀ lé e. Ẹ̀gún fa ẹ̀wù rẹ̀ ya, kò mọ̀. Ó bá ajá lábẹ́ àràbà, ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì hú ilẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ń fò. Ohùn kan ti inú ihò jáde:

"Ta nìyẹn? Kò sẹ́nì kankan nílé!"

Ọdẹ́dìran mọ ohùn náà. "Bàbá Ìjàpá?"

"Bàbá Ìjàpá ti rìnrìn àjò. Àbúrò rẹ̀ ni mí."

Ihò là gbàgà. Ìjàpá rèé lórí ibùsùn. Itan etu rèé ní ìgbèrí, itan ìgalà rèé lẹ́sẹ̀, egungun rèé yí i ká. Ìjàpá ní, "Ọmọ ọ̀rẹ́ mi, mò ń bá ẹ tọ́jú wọn ni. Ẹtà ti pọ̀ jù lágbègbè yìí."

Ṣùgbọ́n Dúródèmí kò wo ẹran. Kò wo Ìjàpá. Ó fi orí tì í kúrò lórí ibùsùn bí ẹni ń ti òkúta. Ó wọ orí àkísà yẹn. Ó fi imú kan ibí, ó rùn Ìjàpá. Ó yí po. Ó fi imú kan ọ̀hún, ó rùn Ìjàpá. Ó tún yí po. Ní ìgbà kẹta, ní ìṣẹ́tí aṣọ, ó rí ibì kékeré kan tí ara Ìjàpá kò kàn. Ó gbé imú lé e. Ó dùbúlẹ̀.

Ọdẹ́dìran wo àkísà náà, ó mọ̀ ọ́n. "Ìwọ Ìjàpá! O ní odò gbé e lọ!" Ẹ gbọ́ o, kò pè é ní Bàbá mọ́. Ó gbé ìbọn sókè. Dúródèmí ní, "Ọdẹ, dúró. Ìyá mi dà?"

Ìbọn bọ́ lọ́wọ́ Ọdẹ́dìran. Ó kúnlẹ̀. "Dúródèmí, ìyá rẹ ti kú. Láti ìgbà òjò. Mo gbọ́, n kò lè sọ ọ́ fún ẹ."

"Àkísà yìí nìkan ló kù?"

"Òun nìkan ló kù."

Ajá náà kò ké. Ó ti ké gbogbo ẹkún rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sùn lé e díẹ̀." Ọdẹ́dìran jókòó tì í nínú eruku, ó gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó ń sunkún. Kì í ṣe ìyá ajá nìkan ló ń sunkún rẹ̀.

Ìjàpá rò pé wọ́n ti gbàgbé òun. Ó fa itan etu mọ́ra, ó ń yọ́ lọ. Dúródèmí na ẹsẹ̀ kan, ó dojú rẹ̀ dé, ikùn lókè, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ja òfuurufú. Ó gbóòórùn àyà rẹ̀. Oṣù mélòó ni Ìjàpá ti sùn sórí àkísà yẹn? Òórùn ìyá ajá díẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Dúródèmí ń gbóòórùn rẹ̀, kò bù ú jẹ, kò fi í sílẹ̀, itọ́ ń kán sí Ìjàpá lójú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ, Ọdẹ́dìran kó ẹran rẹ̀, kò yí i padà. Ibẹ̀ ló wà títí ọjọ́ kejì tí ẹsẹ̀ ìgalà kan fi ṣèèṣì gbá a yí padà. Títí di òní, bí ajá bá rí Ìjàpá nínú igbó, yóò dojú rẹ̀ dé, yóò gbóòórùn abẹ́ rẹ̀. Ìjàpá mọ ohun tó ń wá.

Oòrùn ń wọ̀. Àwẹ̀ró ti gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ bá a gbè é, ẹ rọra:

Oòrùn ń wọ̀, ọkọ mi,
*Ṣaworo, dún wálé.*
Etí mi wà lójú ọ̀nà,
*Ṣaworo, dún wálé.*

Láti ìdí igi obì: wọ̀rọ̀. Wọ̀rọ̀, wọ̀rọ̀.

Obìnrin náà dìde. Orí rẹ̀ kò dàrú o, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé ọkọ òun kọ́ ló ń bọ̀. Ó mọ̀ pé ọkọ òun kò ní bọ̀ mọ́. Ó sáré lọ sílé kejì, ó fọn ẹyín iná wá nínú àpáàdì, ó kó igi jọ, ó fẹ́ ẹ. Èéfín yọ lókè ilé Ògúnṣínà nírọ̀lẹ́. Ọdẹ́dìran yọ sí i, àpò léjìká, ajá níwájú, àkísà lẹ́nu ajá.

Ó ní, "Ẹ kú ilé, Ìyá mi. Ṣé ẹ gbọ́ wa?"

Ó ní, "Mo gbọ́ yín láti ìdí igi obì. Ẹ káàbọ̀. Omi ti ń gbóná."

Omi ló kọ́kọ́ bù fún ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gba àkísà lẹ́nu ajá, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Dúródèmí yí po lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń wá ìṣẹ́tí yẹn. Ó rí i, ó sùn.

Láti ọ̀la rẹ̀ ni kò ti sí ẹran tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Imú tó ti mọ gbogbo ohun tí kì í ṣe ìyá rẹ̀, kí ni yóò ṣì í lójú? Àwọn ọdẹ tó rẹ́rìn-ín wá ń gbé iṣu bọ̀, wọ́n ń tọrọ ọmọ rẹ̀. Àkísà gbó, òórùn tán, aṣọ pàápàá tán. Dúródèmí ṣì ń yí po kó tó dùbúlẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò rí àkísà náà rí, wọ́n ń yí po. Ọmọ ọmọ rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ajá yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn. Ó ti dìde. Àrẹ̀mú, wò ó: ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Má lé e. Jẹ́ kó wá a.

Ibi tí àlọ́ mi yí po sí nìyí, ibẹ̀ náà ló dùbúlẹ̀ sí. Bí mo bá parọ́, kí ajá ilé yìí má mọ òórùn mi mọ́ lọ́la. Bí n kò bá parọ́, kí ṣaworo ọrùn rẹ̀ dún fún mi lẹ́ẹ̀mẹta: wọ̀rọ̀, wọ̀rọ̀, wọ̀rọ̀.

Ó tó. Ẹ fi igi kan sí iná. Bàbá yín kò tíì dé.